Ta Ló Gé Ìsàlẹ̀ Ìròyìn Láyí?

Sátidé ni Bísí sin bàbá rẹ̀ ní Agbassa, nílùú Warri. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn Estuary Post kéde pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sin ín.

"Ṣé kí n lọ hú bàbá mi ni?"

Ohun tó bi wá nìyẹn ní àárọ̀ Ọjọ́rú, níwájú káńtà àgọ́ ọlọ́pàá. Kò jókòó. Ó ká ìwé ìròyìn náà sọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi pa eṣinṣin. "Láti àná làwọn èèyàn ti ń sunkún wọlé wa. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni. Ó tún ti fi oúnjẹ sílẹ̀."

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà rẹ́rìn-ín. "Madam, na newspaper people you suppose meet. Police no dey bury person."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i," ni ohùn kan wí lẹ́yìn wa.

Inspẹ́kítọ̀ Adérìnsọ́lá ni, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Igbudu ni wọ́n bí i sí, kò sì sí àdúgbò kan ní Warri tí kò mọ ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí inú bá ń bí àwọn ọ̀gá yòókù, ohùn wọn á ga. Tirẹ̀ máa ń wálẹ̀ ni. Èmi, Sájẹ́ǹtì Ràhímù, ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti mọ̀ pé bí ohùn rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, kí n lọ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí káńtà. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tún un gbé jáde?"

"Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, mà? A ti gbé e jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí a tó sìnkú. Ẹni tó bá ti sìnkú tán, ìdúpẹ́ ló kù tó máa gbé síbẹ̀. Àwọn náà mọ̀. Iṣẹ́ wọn ni."

Màdáámù tẹ orí wo ìwé náà. Ojú rẹ̀ ti kúrò lórí àwòrán bàbá olóògbé, ó ti gòkè sí ìròyìn tó wà lórí ìkéde náà gan-an. Mo mọ ìròyìn yẹn. Gbogbo Warri ló mọ̀ ọ́n. Orúkọ akọ̀ròyìn kan, Zachariah, ló wà lórí rẹ̀, bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Láyí, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Igbudu, ni àwọn ará èbúté dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì àwọn agbébọn ṣe."

Ọdún 2003 nìyẹn, tí ìjà ẹ̀yà gba Warri, tí sójà wà níbi gbogbo. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn agbébọn kan ti gba orí omi wọ èbúté, wọ́n yìnbọn pa èèyàn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn kan kú, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìwé ìròyìn jáde, kò tíì di ọ̀sán tí àwọn ọ̀dọ́ fi dáná sun ṣọ́ọ̀bù Láyí. Láyí ò sí níbẹ̀. Olúṣínà, àbúrò rẹ̀, ló wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Kò lè sáré.

A já Láyí gbà lọ́wọ́ wọn, a tì í mọ́lé kí wọ́n má bàa pa á. Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà ní kí a kó o fún àwọn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn ni wọ́n máa wá mú un. Lọ́dún yẹn, ẹni tí a bá ti fún sójà, a kì í rí i mọ́.

Màdáámù gbé ojú kúrò lórí ìwé ìròyìn náà. Ó yí sí Bísí. "Ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀ fún mi. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ màmá. Wọn ò ṣèèṣì sin bàbá yín lẹ́ẹ̀kejì."

*

Láyí ò dìde nígbà tí a wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún èédú. Ó ti fi ọwọ́ yẹn wá àbúrò rẹ̀ nínú eérú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún òun lómi láti fọ̀ ọ́.

"Láyí, ṣé o fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn?"

"Mi ò rí i rí, mà."

"Kí ló dé tí wọ́n fi dárúkọ rẹ?"

"Èmi ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kígbe ní Warri, wọ́n á ní Láyí." Ó gbójú sókè. "Ẹ ti rí ìwé ìròyìn ti òní? Wọ́n ní 'ẹnì kan' kú nínú iná náà. Ẹnì kan. Mà, ó lórúkọ."

"Mo mọ̀."

"Àwọn sójà á mú mi lọ, mo mọ̀. Tí ẹ ò bá lè yọ mí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Olúṣínà. Kó wà nínú ìwé ìròyìn níbi tí orúkọ tèmi ti wà."

Màdáámù jáde. Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́. "Estuary Post," ló wí.

*

Olóòtú ìwé ìròyìn náà ni Akínrẹ̀mí. Láti Lagos ni wọ́n ti mú un wá, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ fún wa nìyẹn. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù. Ó ní kí a jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ohun mímu wá, ó mi orí bí ẹni tí ọ̀ràn dùn.

"Àṣìṣe ni, Inspẹ́kítọ̀ wa. Àṣìṣe tó burú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Láyé ọjọ́sí, akọ̀ròyìn á sọ ìtàn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, láti òwúrọ̀ títí dé alẹ́. Ẹ óò kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìyẹn ti kọjá lọ. Nísinsìnyí, ohun tó wúwo jù ló ń wà lókè, èyí tó fúyẹ́ á wà nísàlẹ̀. Bí ìpolówó bá dé lójijì, ìsàlẹ̀ la máa gé, nǹkan kan ò ní bàjẹ́."

"Kí wá ló bàjẹ́?"

"Zachariah. Àgbàlagbà ni. A ti bá a sọ ọ́ títí. Ohun tó wúwo jù ló ń fi sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní ọjọ́ Ajé, ìkéde òkú kan dé nígbà tí ojú ìwé ti kún. Sharon gé ìsàlẹ̀ ìròyìn kí àyè lè wà. Ó dà bíi pé ibẹ̀ ni Zachariah kọ ọ́ sí pé Láyí ò mọ̀ nípa rẹ̀." Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Kò sí ẹni tó gbèrò ibi. Ọ̀nà àtijọ́ ló pàdé ọ̀nà tuntun."

"Ẹ̀yin ò ka ìròyìn náà kó tó jáde?"

"Mi ò fojú kàn án. Ìpàdé ni mo wà."

Yàrá ìta ni tábìlì Sharon wà. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú kí ìròyìn bá àyè mu lọ. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ta ló gbé ìròyìn náà fún ẹ?" ni Màdáámù bi í.

"I meet am for my table, ma. Dem don type am. E long pass the space, I cut from bottom." Ó wo ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "I no read wetin I cut. We no dey read am. Na bottom."

Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Zachariah ni mò ń bínú sí. Mo ní, "Mà, ẹni tí kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ ló pa Olúṣínà."

"Wa mọ́tò lọ sí Aladja," ló wí. "Wọ́n ní láti àná ni Zachariah ti sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, lódìkejì odò. Ẹni tó ṣe àṣìṣe kì í sá kúrò nílé."

*

A bá a lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tó rí wa, kò sá. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ọdún púpọ̀ ló ti lò ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà ó ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ tí inú kò bá bí i. Inú ń bí i lọ́jọ́ yẹn.

"Una don come carry me? Carry me go. At least for cell dem go ask me wetin I write."

"Mo ti ń bi yín," ni Màdáámù wí. "Kí lẹ kọ, bàbá?"

Ó wo ojú Màdáámù dáadáa. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, láìwo ìwé kankan, bí ọmọdé tó ń ka àkọ́sórí.

"'Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ará ìjọ ń múra, omi ti kún dé ẹnu èbúté.' Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ bí àwọn ọkọ̀ ṣe wọlé. Mo sọ àwọn tó kú, mo dárúkọ wọn. Mo ní bí ìbọn ṣe dákẹ́, àwọn kan rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Láyí, torí pé òun ni wọ́n mọ̀. Nígbà náà ni sójà kan ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì náà. Ọ̀dà pupa wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kùn ún sí gbogbo ẹ́ńjìnnì Kingsley. Àwọn òṣìṣẹ́ Kingsley ló ń tún wọn ṣe nínú ọgbà rẹ̀, kò gbé wọn fún ará ìta rí. Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí: Láyí ò mọ nǹkan kan, kí wọ́n bi Kingsley."

Kò sí ẹni tó béèrè Kingsley wo. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ sórí omi. Òun náà ló ni Estuary Post.

"Kí ló dé tí ẹ fi sá?"

"Mo rí orúkọ mi lórí irọ́, mà. Àwọn tó sun ṣọ́ọ̀bù lè wá sun mí nígbà tí wọ́n bá mọ òtítọ́. Ẹni tó ni ìwé ìròyìn náà lè wá sun mí torí pé mo mọ òtítọ́. Which one I for wait for?"

Màdáámù yọ tẹlifóònù rẹ̀, ó pe ọ̀gá àwọn sójà. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ibi tí mo dúró sí. Wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì yẹn lọ sí Port Harcourt. Sójà tó ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Ó ní òun ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹni tó sá pa mọ́ sí Aladja dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè jókòó sídìí ẹ̀gẹ́ kó hun ìtàn. "Bí olóòtú yẹn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ohun tí ọkùnrin náà kọ nìyẹn, mo gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aago mẹ́rin."

*

Lórí afárá Udu, àwọn sójà ní kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a gbé ọwọ́ sórí. Màdáámù fi káàdì rẹ̀ hàn wọ́n. Ọ̀kan wò ó, ó jù ú sílẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Màdáámù bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó nù ún. Nígbà tí a kọjá tán, ó yí sí mi.

"Ràhímù, níbo lo ti kọ́ ìwé kíkà?"

"Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, mà. Kò sí ìwé. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni tíṣà ń pín fún wa, èyí tí wọ́n fi ń di ẹja gbígbẹ."

"Báwo ni àwọn ìròyìn yẹn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Mo rò ó. "Bíi ti Zachariah. Láti òwúrọ̀. Ẹja sábà máa ń ti jẹ ìsàlẹ̀ ìwé náà, a kì í mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe parí. Mo ti lu ẹnì kan rí nítorí abala tó kù."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. "Ó dáa. Bí mo bá gé ẹsẹ̀ èèyàn, ṣé orí rẹ̀ á yí padà?"

"Rárá, mà."

"Akínrẹ̀mí ní ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n gé. Ka ìlà àkọ́kọ́ inú ìwé ìròyìn yẹn fún mi."

Mo kà á. Láyí, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Igbudu. Mo tún un kà. Níbo ni omi tó kún dé ẹnu èbúté wà? Níbo ni àwọn ará ìjọ wà?

"Wọn ò gé ìsàlẹ̀ nìkan," ni mo wí.

"Zachariah bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Bí Sharon bá gé tirẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, òwúrọ̀ ni ìwé ìròyìn náà ì bá bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ti lọ mú Láyí láti àárín, ó gbé e sókè, kó tó dé tábìlì Sharon. Ẹni tó ń wá ohun tó wúwo jù nínú ìròyìn Zachariah, báwo ló ṣe máa rí i?"

"Ó ní láti kà á dé ìsàlẹ̀."

"Akínrẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yan orí ti rí ìdí. Ó rí i pé Láyí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó rí Kingsley, ó wá gbé Láyí sókè. Ó fi Kingsley sísàlẹ̀, níbi tó mọ̀ pé ọ̀bẹ máa dé."

"Ṣùgbọ́n ìkéde òkú náà, mà. Ìyẹn ló fa gígé."

"Ìkéde tó pè wá síbi ìsìnkú tó ti kọjá? Ọmọ olóògbé ò rán an. Wọ́n ti sin bàbá yẹn, ohun tó kù ni ìdúpẹ́. Ẹni tó ń kánjú wá nǹkan tó tóbi tó àyè yẹn ló fa ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jáde, kò rántí wo ọjọ́ inú rẹ̀. Ó nílò ohun tí ọmọbìnrin yẹn máa torí rẹ̀ gé nǹkan."

"Nítorí náà, Akínrẹ̀mí ni."

"Tàbí Kingsley fúnra rẹ̀. Tàbí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ṣe. Mi ò tíì mọ ọwọ́ tó ṣe é." Ó wo aago mọ́tò. "Tẹ̀ ẹ́."

*

Akínrẹ̀mí tún ní kí wọ́n gbé ohun mímu wá. Màdáámù gbà á lọ́tẹ̀ yìí, ó mu ún, ó fara ti àga bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán fún.

"Mo ti rí Zachariah," ló wí. "Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé ìdajì. Ó ń sọ bí omi ṣe kún."

Akínrẹ̀mí rẹ́rìn-ín. "Omi máa ń kún nínú gbogbo ìròyìn rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n èyí tó jáde yẹn, ó mú èèyàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo, gbogbo ọ̀rọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Mo ní kí Ràhímù kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Sharon yẹn mọṣẹ́ gan-an. Bó ṣe kéré yẹn. Ó yẹ kí wọ́n mú un lọ sí Lagos."

"Sharon?"

"Àbí? Ẹ ní òun ló tún un ṣe."

"Sharon ń gé nǹkan ni." Ojú rẹ̀ ti yí padà díẹ̀. "Ó ń gé. Kò kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn kankan rí láti ìgbà tó ti dé ibí."

"Ẹ má tẹ́ ẹ, ọmọ ẹlòmíràn ni. Ìlà yẹn dáa."

"Inspẹ́kítọ̀, mo ti ń kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí Sharon. Kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ nínú ilé yìí àyàfi..."

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ife tó wà lọ́wọ́ Màdáámù.

Màdáámù gbé ife sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. "Ẹ ní ẹ ò fojú kàn án."

"Mo kàn..."

"Ẹ yan orí rẹ̀. Ta ló ń yan orí nínú ìròyìn Zachariah láìka ìdí rẹ̀? Ẹ ti kà á. Ẹ rí i pé Láyí ò ṣe nǹkan kan, ẹ wá fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú. Ẹ fa òkú olókùú jáde, ẹ fi bo ọwọ́ yín. Ẹ sì jókòó síbí láàárọ̀ yìí, ẹ ń sọ fún mi pé àgbàlagbà kan ò mọṣẹ́."

"Kingsley pè mí," ni Akínrẹ̀mí wí. Ó ń wo tábìlì. "Ó ti gbọ́ ohun tí sójà náà rí. Ó ní kí orúkọ òun má jáde. Mo rò pé ọlọ́pàá á mú Láyí, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á tú u sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa dáná."

"Ní Warri? Lọ́dún yìí? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé nípa iná lójoojúmọ́?"

Akínrẹ̀mí yí ojú sí fèrèsé.

"Olúṣínà dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n sun ún mọ́ ibẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Bí wọ́n bá mú Láyí lọ, ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì lẹ máa jẹ́jọ́ rẹ̀. Kingsley á ní òun ò bá yín sọ nǹkan kan rí." Ó ti tẹlifóònù sí i. "Ẹ sọ ìsàlẹ̀ ìròyìn náà fún ọ̀gá àwọn sójà. Ẹ má gé e."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ̀dà pupa, ó sọ ọgbà Kingsley, ó sọ ìlà tó kẹ́yìn bí Zachariah ṣe kọ ọ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Ó ti kà á dáadáa.

*

A dá Láyí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Akínrẹ̀mí bọ́ sí àtìmọ́lé tí Láyí kúrò nínú rẹ̀. Kingsley ti kó lọ sí Benin kí a tó dé ẹnu ọgbà rẹ̀.

Estuary Post ò jáde mọ́ lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà Zachariah kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan ní Lagos. Ó fi han Màdáámù kó tó fi ránṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kọ ìròyìn lọ́nà tuntun: Láyí ò jẹ̀bi, ìyẹn lókè pátápátá. Kingsley tẹ̀ lé e. Akínrẹ̀mí tẹ̀ lé Kingsley. Nísàlẹ̀, ó fara balẹ̀ kọ nípa Olúṣínà, ọjọ́ orí rẹ̀, ibà tó ń ṣe é, bó ṣe jẹ́ pé òun ló ń dán ẹ́ńjìnnì wò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé etí rẹ̀ mú ju ti Láyí lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a gbé ìwé ìròyìn náà lọ bá Láyí ní Igbudu. Ó ń fi ṣọ́bìrì kó eérú jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó nu ọwọ́, ó gbà á, ó kà á lórí ìdúró. Mo rí i tí ojú rẹ̀ kọjá orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i, ó ń lọ sísàlẹ̀.

Ó dé ìsàlẹ̀. Ó yí ojú ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún yí i padà.

Ọ̀rọ̀ Akínrẹ̀mí ni ìròyìn náà parí sí. Ìpolówó tẹlifóònù alágbèéká ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gé e ní Lagos ò mọ Igbudu. Kò bínú sí wa. Àyè ò tó, ó sì gé ibi tí wọ́n ń gé.

Màdáámù gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Mo dúró kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Kò tiẹ̀ jáde rárá.

"Bàbá tó wà nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn," ni Láyí wí, "wọ́n kéde pé ó kú lẹ́ẹ̀mejì." Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀. "Àbúrò mi ò kú lẹ́ẹ̀kan."

Ó padà sínú eérú. Màdáámù ká ìwé ìròyìn náà, ó fi sínú àpò rẹ̀, ó jókòó sínú mọ́tò.

"Benin," ló wí.